Ẹ Má Da Májèlé Sórí Ọmọ Nítorí Iná

Ọ̀rọ̀ iná orí, kòkòrò tó ń gbé inú irun tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, wà lára ohun tí àwọn ìyá kì í sọ síta. Obìnrin á sọ fún ará ilé rẹ̀ pé ibà ń ṣe ọmọ òun, á sọ pé aràn ń yọ ọ́ lẹ́nu, á tilẹ̀ sọ ti làpálàpá. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí iná lórí ọmọ, ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ tì. Á wá ohun tó lè pa á lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí olùkọ́ má baà rí i, kí ìyá ẹlòmíràn má baà gbọ́. Ibi tí ìkánjú yẹn ń gbé wa lọ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ó sì lè gbé e kọjá ibẹ̀.

Bí ìyá kan bá fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ní àdúgbò, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dárúkọ Sniper, oró tí a fi ń pa kòkòrò inú ilé, fún un. Bí kì í bá ṣe Sniper, á jẹ́ otapiapia, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kékeré kiri ọjà, tí kò ní àkọlé, tí ẹni tó ń tà á pàápàá kò lè sọ iye oró tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kí ó bù díẹ̀ sínú ìpara irun, kí ó fi pa orí ọmọ, kí ó fi ọ̀rá wé e, kí ó dè é mọ́jú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin tó fẹ́ràn ọmọ wọn dọ́kàn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onídìrí tó mọṣẹ́. Wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n rí i pé iná náà kú, òótọ́ sì ni, iná á kú. Ohun tó pa iná yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Dichlorvos ni orúkọ oró tó wà nínú Sniper, àwọn mìíràn ń pè é ní DDVP. Òun náà ló sábà máa ń wà nínú otapiapia. Ohun tó ń ṣe lára kòkòrò ló ń ṣe lára èèyàn. Bí ọpọlọ bá rán iṣan níṣẹ́, èròjà kan wà nínú ara tó ń fi òpin sí iṣẹ́ náà kí iṣan lè sinmi. Èròjà yẹn ni dichlorvos ń sọ di aláìlágbára. Iṣan kò ní lè sinmi mọ́: itọ́ á máa dà, omijé á máa dà, òógùn á bo ọmọ, dúdú ojú rẹ̀ á sún kì, á máa bì, inú á máa ṣu, èémí á le, gìrì sì lè mú un. Awọ orí máa ń fa ohun tí a bá fi pa á mu ju awọ apá lọ. Orí tí ọmọ ti họ títí tó fi bó, á tún fà á mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá wá fi ọ̀rá wé e, a ti ọmọ àti májèlé mọ́ inú yàrá kan náà nìyẹn.

Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos tí wọ́n rọ sínú ìgò kékeré, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mu ún láti gba ẹ̀mí ara wọn ló gba ẹnu wa kan nígbà náà. A ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi í pa lórí. Mo rò pé ìdí ni pé ẹni tó bá ṣe é kì í fẹ́ sọ ọ́, nítorí bí ó bá sọ ọ́, á ní láti sọ ti iná náà pẹ̀lú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti da á sórí ọmọ kí ẹ tó ka èyí, ẹ bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ kíákíá. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ irun àti ara rẹ̀ léraléra, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání. Dókítà ní òògùn kan tó ń jẹ́ atropine tí wọ́n fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ má sọ pé ọmọ jẹ nǹkan tí kò bá a lára mu nítorí pé ojú ń tì yín.

Kẹrosíìnì ni ti àwọn ìyá tó ṣáájú wa. Òun náà ń jó awọ orí, òórùn rẹ̀ ń wọ àyà ọmọ, ọmọ tí irun rẹ̀ sì rin fún kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìdáná tàbí àbẹ́là, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìyá rẹ̀ bá wà náà ló ń lọ. Àwọn kan ń lọ kánfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń kó sáàrin aṣọ, wọ́n á pò ó mọ́ ìpara. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ara àwọn ọmọ kan wà tí èròjà G6PD kò tó níbẹ̀, èyí sì wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa, pàápàá láàrin àwọn ọkùnrin. Bí kánfọ̀ bá wọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹyinjú rẹ̀ á di yẹ́lò, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ tuntun mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa nípa kánfọ̀ láàrin aṣọ ọmọ. Kí a wá kó o lé orí!

Kòkòrò tí gbogbo wàhálà yìí dá lé lórí kò tóbi ju hóró yànmọ̀tí kan lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, èékánná sì wà ní ìparí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó fi ń di irun mú. Kò ní ìyẹ́, kò lè fò, kò sì lè ta pọ́n-ún láti ibì kan sí ibòmíràn. Rírìn ló ń rìn, láti orí kan bọ́ sí orí kejì nígbà tí orí méjì bá kanra: àwọn ọmọ tó sùn lórí ẹní kan náà, àwọn tó forí korí nídìí fóònù, ọmọ àti ìyá àgbà tó gbé e sáyà. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, á sì mu ún ní ìgbà mélòó kan lóòjọ́. Bí ó bá bọ́ kúrò lórí, tí kò rí ẹ̀jẹ̀ mu, ọjọ́ kan sí méjì ló kù fún un láyé. Lórí ọmọ, ó lè lo bí ọgbọ̀n ọjọ́, abo rẹ̀ sì lè yé ẹyin tó tó mẹ́jọ lóòjọ́. Á fi nǹkan tó lẹ̀ pinpin so ẹyin náà mọ́ irun, nítòsí awọ orí níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹyin yẹn á pa láàrin ọjọ́ 7 sí 10. Ọmọ iná tó jáde náà á tún lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 12 kí ó tó dàgbà débi tí yóò fi máa yé ẹyin tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, orí wọn ni gbogbo ìtọ́jú dúró lé.

Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń wá. Orí tí wọ́n fọ̀ lánàá àti orí tí wọn kò fọ̀ láti oṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ wà nínú méjèèjì. Kì í sì í gbé àìsàn kiri. Iná aṣọ ni ìyẹn, èyí tó ń gbé ibà táífọ́ọ̀sì kiri láàrin àwọn tí ogun tàbí ìṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rí aṣọ pààrọ̀. Ìyọnu ti orí ni pé ó ń hun ọmọ, kò jẹ́ kó sùn, ọmọ á họ ọ́ títí á fi di egbò, kòkòrò mìíràn á sì gba ojú egbò wọlé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ó pa ẹnu ẹ̀sùn mọ́. Itọ́ iná ló ń fa híhun yẹn, bí ó bá sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí iná máa wọ orí ọmọ náà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọmọ bá ń họ orí, iná náà ti lè pé oṣù kan níbẹ̀. Ọmọ àbúrò yín tó wá lo ọlidé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ ń bínú sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tiyín ló kó o ràn án.

Mo tún ń gbọ́ pé iná kì í wọ irun aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́hùn-ún, iná kò wọ́pọ̀ lórí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì rò pé èékánná iná ibẹ̀ ló bá irun tó nà gbọọrọ mu ju irun tó ká kọ́ lọ. Iná tó wà nílẹ̀ tiwa mọ irun wa dáadáa. Àwọn baba wa tó ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ìyá ìyá mi ní Ọ̀yọ́ mọ iṣẹ́ èékánná yẹn. Ọ̀sán ni Ìyá máa ń ṣe é, nígbà tí oòrùn bá mọ́lẹ̀ rekete, ní iwájú ilé gan-an. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, ọmọ á jókòó sílẹ̀ sáàrin orúnkún wọn, wọ́n á fi àdí pa irun rẹ̀ títí á fi rọ̀, wọ́n á sì máa fi ìlarun là á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò ní nǹkan lórí náà á jókòó, nítorí gbogbo ọmọ agboolé ni Ìyá ń yẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe ń wá a ni wọ́n ń pa àlọ́. Kò sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì dá mi lójú pé àárín ìta tí wọ́n jókòó sí yẹn ju àdí lọ. Nítorí pé ojú kò ti ẹnikẹ́ni, orí gbogbo ọmọ ni wọ́n ń rí lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì tún ń rí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwa tí a tilẹ̀kùn, orí kan là ń tọ́jú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ náà á sì jáde lọ gbà á padà lórí àbúrò rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti wà láyé tipẹ́. Ní ọdún 2016, àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń wa ilẹ̀ Lákíṣì ní Ísírẹ́lì, ìlú tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ orúkọ rẹ̀, rí òòyà kékeré kan tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Eyín nínípọn mẹ́fà wà ní apá kan rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tú irun. Eyín wẹ́wẹ́ mẹ́rìnlá wà ní apá kejì, èyí tí wọ́n fi ń kó iná. Ọdún 2021 ni ẹnìkan tó wá rí i pé lẹ́tà wà lára rẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2022: àdúrà ni, pé kí eyín erin yìí tu iná kúrò nínú irun àti irùngbọ̀n. Wọ́n rò pé òòyà náà ti tó nǹkan bí ọdún 3,700, kò sì tíì sí gbólóhùn odindi kan tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì kọ tí wọ́n rí tó pẹ́ tó o. Wọ́n tilẹ̀ rí awọ ara ọmọ iná kan tó há sáàrin eyín rẹ̀. Ẹni tó ni í ti ní láti jẹ́ olówó, nítorí erin kò sí ní ilẹ̀ wọn, ọ̀nà jíjìn ni eyín náà ti wá. Iná kò mọ̀ pé olówó ni.

Òòyà náà ni mo ṣì gbà gẹ́gẹ́ bí ohun àkọ́kọ́. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ló ṣàlàyé ètò rẹ̀ fún mi. Ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé iná wà ní kíláàsì, kò sí orúkọ ọmọ kankan nínú rẹ̀, wọn kò sì lé ọmọ kankan wálé. Ìmọ̀ràn ètò ìlera ìjọba wọn, NHS, ni pé kí a ya irun náà nígbà tó bá tutù, pẹ̀lú kọndíṣọ̀nà púpọ̀, ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹtàlá, kí a tún wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ẹ fi wé àwọn ọjọ́ tí mo ní kí ẹ má gbàgbé. Ti ọjọ́ kìíní kó àwọn tó ti wà láàyè. Ẹyin tó ṣẹ́ kù á máa pa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n òòyà á padà wá kí ọmọ iná kankan tó dàgbà débi pé yóò yé. Kò sí oró kankan nínú rẹ̀. Aboyún lè ṣe é, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn lè ṣe é.

Òòyà tí a ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń yarun lójoojúmọ́. Onírin ni ó dára jù, kí àlàfo àárín eyín rẹ̀ má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ, kí iná má lè yọ́ kọjá. Àwọn ilé òògùn ńlá máa ń tà á, a sì tún ń rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọndíṣọ̀nà kò pa iná, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó lè sáré, ó sì ń mú kí irun yọ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí bí a bá la irun gbígbẹ, iná máa ń sá fún ìmọ́lẹ̀, a lè wò ó títí kí a má rí ẹyọ kan.

Irun tiwa ni ìwé wọn kì í sọ̀rọ̀ lé. Òòyà tó há tó báyẹn, bí ẹ bá kàn tì í bọ inú irun tó ká kọ́, á já irun, ọmọ á sunkún, ẹ̀yin náà á sì fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá kọ́kọ́ tú irun tí wọ́n dì, gbogbo rẹ̀, títí kan àtáṣímẹ́ǹtì. Màá fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ irun lásán. Màá wá da kọndíṣọ̀nà sí i títí irun á fi rin gbindin, màá fi ìka tú u, lẹ́yìn náà màá fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á láti òpin irun títí dé awọ orí, títí kò fi ní sí ìdijú kankan mọ́. Nígbà náà ni màá pín in sí ìsọ̀rí kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ìka lọ, màá fi kílíìpù mú ìyókù. Òòyà onírin á bẹ̀rẹ̀ láti awọ orí gan-an, á sì jáde ní òpin irun. Lẹ́yìn yíyà kọ̀ọ̀kan, màá nù ún sára tíṣù funfun. Ibẹ̀ ni iná ti ń hàn. Ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí kọndíṣọ̀nà bá ń gbẹ, ẹ fi omi àti òmíràn kún un. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí irun bá kún, nítorí náà ọjọ́ Sátidé ló yẹ ẹ́, kí ọmọ sì ní ohun tí yóò máa wò tàbí ìtàn tí yóò máa gbọ́. Irun tí òòyà kò bá lè wọ̀ rárá, ẹ má fipá mú un. Èékánná bíi ti ìyá ìyá mi ṣì ń ṣiṣẹ́, òògùn sì wà.

Mi ò ní sọ fún yín pé òòyà nìkan máa ń borí nígbà gbogbo. Ìwádìí kan ní Wales, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2000, fi hàn pé òògùn malathion wo ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó lò ó, òòyà wo ìdá 38 péré. Nínú òmíràn tí BMJ, ìwé ìròyìn ìṣègùn mìíràn, gbé jáde ní 2005, òòyà àti kọndíṣọ̀nà wo ìdá 57, àwọn òògùn tí wọ́n ń rà láìsí ìwé dókítà wo ìdá 13. Bí oògùn ṣe ń mọ́ iná lára, tí kì í fi í pa á mọ́, wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni sùúrù ẹni tó ń yarun. Ohun tí mo rí kọ́ nínú méjèèjì ni pé ẹni tó ya irun lẹ́ẹ̀kan tó sì dẹ́kun kò tíì ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ òògùn, ilé òògùn tó ní apòògùn tó mọṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ẹni tó ń gbé igbá kiri. Permethrin ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún wà fún un; a máa ń tún un lò lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, torí kì í pa gbogbo ẹyin, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó ti mọ́ iná lára. Dimeticone ni mo fẹ́ràn jù níbi tí a bá ti rí i. Kì í ṣe oró. Ó kàn ń bo iná mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè wà láàyè, nítorí náà kò lè tètè mọ́ iná lára. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì, ọwọ́ àti òòyà nìkan ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ó dá yín lójú pé iná ni. Èépá funfun máa ń gbọ̀n dànù bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹyin iná á lẹ̀ mọ́ irun, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èékánná ló lè fà á jáde. Èyí tó ti di funfun tó sì ti jìnnà sí awọ orí, èèpo lásán ni, ọmọ inú rẹ̀ ti jáde tipẹ́. Ẹyin nìkan kò tó láti sọ pé iná wà. Ẹ wá èyí tó ń rìn. Bí irun bá já ní ojú kan róbótó, tí ibẹ̀ ń ṣí pẹẹrẹpẹ, làpálàpá orí nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Òògùn mímu ló ń wò ó, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Mo mọ ilé tí wọ́n ti fi oríṣiríṣi nǹkan pa iná tí kò sí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, làpálàpá sì ń jẹ orí ọmọ lọ.

Ilé kò gba wàhálà púpọ̀. Ẹ má fín yàrá, ẹ má sun ìrọ̀rí níná. Ẹ ti mọ̀ pé iná tó bọ́ sílẹ̀ kò lè ju ọjọ́ méjì lọ. Aṣọ ìrọ̀rí, fìlà, ìborí, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti wíìgì tí ọmọ lò láàrin ọjọ́ méjì yẹn, ẹ fi omi gbígbóná fọ èyí tó ṣeé fọ̀, kí ẹ sá a sóòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e tì. Òòyà àti ìlarun, ẹ rì wọ́n sínú omi tó gbóná gan-an fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Agbára tó bá ṣẹ́ kù, orí gbogbo ará ilé ni kí ẹ lò ó lé, bàbá pàápàá.

Àwọn kan á ní ẹ fá a, kí ẹ sinmi. Òótọ́ ni, orí tí wọ́n fá kò ní iná, kò sì sí ohun tó yá jù ú lọ. Ti ọmọkùnrin rọrùn, abẹ onígbàjámọ̀ á parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ti ń wo ṣùkú àti pàtẹ́wọ́ rẹ̀ nínú dígí, tí a bá ki í mọ́lẹ̀ fá orí fún, tí a sì rán an lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, a ti kọ ohun tí a ń pa mọ́ sí i lórí fún gbogbo ayé kà. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ gé e, ó dára. Bí kò bá fẹ́, irun rẹ̀ ni, ẹ yà á. Mo kórìíra bí olùkọ́ ṣe máa ń pe ọmọ síwájú kíláàsì kí ó tó lé e lọ sílé. Wọ́n ṣe é fún ọmọ kan tó sún mọ́ mi, ó sì pẹ́ gan-an kí ọmọ náà tó tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun, bẹ́ẹ̀ fífọwọ́ kàn án gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá rí iná, ìyá ni kó pè. Ọmọ lè parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn. Iná tó ti wà níbẹ̀ fún oṣù kan kò ní ṣe ohun tuntun láàrin wákàtí mẹ́ta.

Fún ẹ̀yin onídìrí, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sábà máa ń rí i kí ìyá tó rí i. Ẹ pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ má dì í mọ́lẹ̀ nítorí owó ọjọ́ náà. Irun tí wọ́n dì lé iná lórí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fún iná náà pé kó máa yé.

Nígbà tí mo rí i lórí ọmọ tèmi, ohun tí mo kọ sí WhatsApp àwọn òbí kíláàsì rẹ̀ nìyí, ẹnikẹ́ni lè mú un lò: "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òbí wa. Mo rí iná lórí ọmọ mi lánàá, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo orí àwọn ọmọ yín lónìí, ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́, kódà bí kò bá hun wọ́n. Ẹ má ṣe lo Sniper, otapiapia, kẹrosíìnì tàbí kánfọ̀. Kọndíṣọ̀nà àti òòyà onírin ni mò ń lò. Mo ní òòyà kan tí mo ti sè, ẹni tó bá fẹ́ yá a kó pè mí, mo sì lè fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Màá wà nílé lọ́jọ́ Sátidé láti aago mẹ́wàá."